Akàwé Àwọn Adíngàrí

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín jẹ pé láti kékeré ni Kúbúrátù ti fẹ́ràn ìwé. Irọ́ ni. Ọ̀lẹ ló tì í débẹ̀. Iṣẹ́ tó kórìíra jù láyé ni gàrí sísẹ́, ìwé sì ni ohun kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ lè bá lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní í ní kó gbé e sílẹ̀.

Ràmọ́tà ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́. Lẹ́yìn ìlú Ìjẹ̀bú-Òde, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìmùṣin, ni òun àti àwọn obìnrin bíi mélòó kan ti ń dín gàrí lábẹ́ àtíbàbà onípáànù kan. Àwọn àgbẹ̀ Ìmùṣin ló ń já pákí sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n á bó o, wọ́n á rin ín, wọ́n á kó o sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e lórí títí omi rẹ̀ á fi ro tán, tí á sì kan dáadáa, torí gàrí tí kò bá kan, ará Ìjẹ̀bú kan ò ní í pè é ní gàrí. Ìgbà yẹn ni sísẹ́ tó kàn. Èèyàn á jókòó ti ajọ̀ láti ọ̀sán, èéfín á máa fẹ́ sí i lójú, apá á máa yún un. Iṣẹ́ àwọn ọmọdé nìyẹn, Kúbúrátù nìkan sì ni ọmọ tó ń ti ilé ìwé wá síbẹ̀.

Ní ọdún 1980, ó wà ní kíláàsì karùn-ún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe dé, tó rí òkè pákí tó ń dúró dè é, ó yọ ìwé kíkà rẹ̀ jáde, ó ní tíṣà àwọn fún àwọn níṣẹ́ ilé. Ìyá rẹ̀ wò ó. Ràmọ́tà ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ọmọ rẹ̀.

"Kà á sókè," ló sọ. "Bí mi ò bá ti gbọ́ ohùn ẹ, mo mọ̀ pé oorun lò ń sùn, ajọ̀ ni màá sì gbé fún ẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni Kúbúrátù bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé sókè. Ìtàn ìyàwó kan ni, tí wọ́n gbé lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni. Ó ń kà á wàràwàrà bí ẹni tó ń sáré kúrò nínú òjò, torí kò sí ohun tó kàn án nínú ọ̀rọ̀ ìyàwó. Àfi bí Ìyá Mọ́rúfù, tí agbada rẹ̀ wà ní òdìkejì, ṣe dá a dúró.

"Sùúrù ná. Ìyá ọkọ ẹ̀ gan-an ò kí i?"

"Kò kí i, mà."

"Ìyàwó tuntun? Kí ló wá ṣe?"

Kúbúrátù ò mọ̀. Ó ní láti padà sẹ́yìn lọ wò ó. Ìgbà tó padà sẹ́yìn yẹn gan-an ni òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ìyàwó náà ń sunkún, pé ìdí sì wà tó fi ń sunkún. Ohun tí tíṣà fi ẹgba wá láti ọjọ́ yìí tí kò rí, ìbéèrè Ìyá Mọ́rúfù ló mú un jáde. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, Ìyá Mọ́rúfù ti fa ajọ̀ Kúbúrátù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń sẹ́ ti ọmọ náà mọ́ tirẹ̀, kí ọmọ má baà rí ohun tó máa dá a dúró. Báyìí ni ọmọ ọ̀lẹ ṣe di akàwé fún àwọn adíngàrí.

Ìwé ilé ìwé ò pẹ́ tán. Ẹni tó gbà wọ́n ni Màmá Tíṣà. Edith ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ ilé ìwé míṣọ́nnì tó ti fẹ̀yìn tì, opó tó ń dá gbé ní ilé aláwọ̀ funfun tí kò jìnnà sí àtíbàbà wọn. Gàrí ló wá rà. Wọ́n wọn gàrí fún un tán, kò lọ. Ó fìdí lé orí àpótí, ó ń gbọ́ bí Kúbúrátù ṣe ń kàwé, ó sì ń gbọ́ bí àwọn obìnrin ṣe ń bá ìwé jà. Nígbà tó dìde, ó ní kí ọmọ náà wá bá òun nílé lọ́jọ́ kejì, kó fọ ọwọ́ kó tó wá. Kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ kún fún ìwé, ó fi bébà kàlẹ́ńdà àtijọ́ bò wọ́n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan ló máa ń yá a. Tó bá dá a padà láìsí àbàwọ́n, á gba òmíràn. Àwọn kan kìlọ̀ fún Ràmọ́tà pé onígbàgbọ́ yẹn máa fi ìwé fa ọmọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ràmọ́tà ní bí wọ́n bá fà á lọ, òun á fà á padà, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun gbọ́ ibi tí ìtàn parí sí.

Ẹ ò ní í gbàgbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ wọ́n lára tó. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nínú ìtàn ọdẹ kan tí wọ́n ti àbúrò rẹ̀ mọ́ inú àká, Kúbúrátù ń kà á bọ̀ títí ó fi dé ibi tí ẹnìkan ti ń ṣí ìlẹ̀kùn àká náà láti ìta. Gbogbo igbá tí wọ́n fi ń yí gàrí dúró gbagidi lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí òórùn dé imú Ìyá Àgbà, ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀, tó ti ń dín gàrí kí wọ́n tó bí àwọn yòókù, kò sí agbada kan tí gàrí inú rẹ̀ kò tíì jóná. Gàrí ti pọ́n kuku.

"Uná ti pọ̀ jù," ni Ìyá Àgbà sọ, pẹ̀lú èdè Ìjẹ̀bú rẹ̀ tí kò lú mọ́ ohunkóhun. "Ugbá ẹ dà, Ìyá Mọ́rúfù? Gbogbo wa la máa jẹ ẹ̀ lúlé."

Òótọ́ sì ni, torí ta ló máa ra gàrí Ìjẹ̀bú tó pọ́n bí ẹ̀wà yíyan lọ́wọ́ wọn? Wọ́n kó o relé, wọ́n ń mu ún pẹ̀lú omi, wọ́n ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà ti ṣòfin: bí ìtàn bá ti ń gbóná, akàwé gbọ́dọ̀ dúró, kó ní kí wọ́n yí gàrí, kó tó máa bá a lọ. Kúbúrátù wá ń kàwé, ojú kan lórí ìwé, ojú kejì lórí agbada. Ohùn ọba lọ́tọ̀, ohùn ìyáálé lọ́tọ̀, ohùn ọmọdé lọ́tọ̀. Á kà, á dúró, á dáhùn ìbéèrè, á ní "ẹ yí i", á tún gbé e. Kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà kàwé láyé yìí. Ó rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń kà á nìyẹn.

Ilé ìwé girama ló ti mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ yàrá ìkàwé wọn, ó mú ìwé kan, ó jókòó, ó sì ṣí ẹnu. Gbogbo orí yíjú sí i. Tíṣà tó ń tọ́jú ibẹ̀ ní kó dákẹ́, ó dákẹ́; nígbà tó dákẹ́, ìwé náà dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ń rìn lórí ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan ò sì wọlé. Ó tún ṣí ẹnu, wọ́n lé e jáde. Kò dùn ún. Abẹ́ igi máńgòrò wà, àtíbàbà gàrí sì wà, ohun tó bá kà níbẹ̀ kì í sì í kúrò lórí rẹ̀. Kò gbẹ́yìn ní kíláàsì rí. Àwọn tíṣà kàn ń sọ pé ọmọ yẹn máa ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà, wọn ò mọ̀ pé lẹ́nu àwọn àgbàlagbà ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ìwé wí.

Ní ọdún 1986, nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kí ìdánwò àṣejáde Wáẹ̀ẹ̀kì dé, ilé ìwé gbé ìdánwò tiwọn kalẹ̀ kí àwọn ọmọ lè fi dán ara wọn wò. Wọ́n pín ìwé Gẹ̀ẹ́sì, àyọkà gígùn kan wà níbẹ̀. Kúbúrátù pa ẹnu dé, ó wò ó. Kò rí nǹkankan. Aago ń lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sábẹ́ èémí. Nígbà tó fi máa dé ìdajì, kò sí lábẹ́ èémí mọ́.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ wọn bi í.

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, sà. Mò ń kàwé ni."

Ó kìlọ̀ fún un. Kúbúrátù gbìyànjú. Ẹnu rẹ̀ tún là. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé.

Ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́ pe Ràmọ́tà, ó sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. "Ìyá Kúbúrátù, èmi mọ ọmọ yín. Mo mọ̀ pé kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bọ̀ wá ṣọ́ Wáẹ̀ẹ̀kì ò mọ̀ ọ́n. Tó bá ṣe báyìí lọ́wọ́ wọn, wọ́n á fagi lé èsì rẹ̀, mi ò sì ní í lè gbà á sílẹ̀."

Iṣẹ́ tíṣà ni Kúbúrátù ń fojú sọ́nà fún, kò sì sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó máa gbà á láìsí ìwé ẹ̀rí yẹn. Bí èyí bá bọ́, kò sóhun tó kù bí kò ṣe agbada gàrí tí ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kó jogún.

Màmá Tíṣà ni wọ́n kọ́kọ́ sá tọ̀. Ó ní kí ọmọ náà yéé lọ sí àtíbàbà, kó wá máa kàwé nínú yàrá òun, níbi tí kò ti ní rí ẹni tó máa gbọ́. Kúbúrátù lọ. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti ń kà á fún ògiri. Wọ́n fi pákò há a lẹ́nu, ó jẹ pákò náà tán. Wọ́n ní kó fi omi sẹ́nu kó má gbé e mì. Ibi tó kọ́kọ́ dùn nínú ìwé, ó gbé omi náà mì pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Màmá Tíṣà, tó ti kọ́ ọmọ títí irun rẹ̀ fi funfun, jókòó, ó fi ọwọ́ lérán. Ó ní òun ò tíì rí irú èyí rí.

Ràmọ́tà ló wá ronú jinlẹ̀. Ó pe àwọn obìnrin rẹ̀ jọ lábẹ́ àtíbàbà.

"Èmi ni mo dá a sílẹ̀," ló sọ. "Èmi ni mo ní bí mi ò bá ti gbọ́ ohùn ẹ̀, oorun ló ń sùn. Àwa ni gbogbo wa wá jókòó tì í tí a ń gbọ́. Ọmọ yìí ò mọ̀wé kà fún ara ẹ̀, àwa ló mọ̀ ọ́n kà fún. Níwájú wa ló ti kọ́ ọ, níwájú wa náà ló ti máa gbàgbé ẹ̀. Á máa wá síbí. Á jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Á máa kàwé ẹ̀, a ò sì ní í gbọ́."

"Kó wá máa sọ ọ́ fún wa tó bá kà á tán," ni Ìyá Mọ́rúfù wí.

"Rárá. Tó bá ti mọ̀ pé òun máa sọ ọ́, àwa ló ṣì ń kà á fún. Kí ẹnikẹ́ni má bi í ní nǹkankan."

Ìyá Mọ́rúfù fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí àwọn parí ìtàn tó wà lọ́wọ́, wọ́n gbà fún un. Lọ́jọ́ kejì tí ìtàn náà parí, ìdákẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò bá ti jókòó ti agbada gàrí rí ò ní í mọ ohun tí àwọn obìnrin yẹn fi sílẹ̀. Iṣẹ́ tó ń gún ni lẹ́yìn, tó ń yọ omi lójú ẹni, ìtàn ló ti ń bá wọn gbé e láti bí ọdún mẹ́fà. Ní báyìí, ọmọ jókòó sáàárín wọn, ìwé ṣí sílẹ̀ lórí itan rẹ̀, ìtàn tuntun wà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n ń gbọ́ ju igbá tó ń ha agbada àti igi tó ń jó. Iṣẹ́ tiwọn ni láti máa wo ẹnu rẹ̀. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ètè tó ń mì.

"Ẹnu ẹ," ni ìyá rẹ̀ á wí. Kúbúrátù á pa á dé. Láìpẹ́, Ìyá Àgbà á tún na igbá sí i láti ọ̀ọ́kán. Á tún pa á dé. Inú bí i lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó rò pé wọ́n ń fìyà jẹ òun ni. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé orí ń fọ́ òun, pé ìwé náà ò ní ìtumọ̀, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kúkú máa sẹ́ gàrí. Ìyẹn ló jẹ́ kí Ràmọ́tà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún gan-an, torí láti kékeré, Kúbúrátù ò fẹnu ara rẹ̀ bèèrè ajọ̀ rí.

Díẹ̀díẹ̀ ni ètè náà ń rọlẹ̀. Lẹ́yìn ìrun alásárì ọjọ́ kan, tí gbogbo wọn ti padà sídìí agbada, Kúbúrátù bú sẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ wà lórí ìwé, ẹnu rẹ̀ ò sọ nǹkankan. Ohun kan ti ṣẹlẹ̀ nínú ìwé náà tó jẹ́ pé òun nìkan ló gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Ìyá Mọ́rúfù ti ya ẹnu pé kó bi í. Ó pa á dé, ó sì tẹjú mọ́ gàrí rẹ̀.

Báyìí ni ìwé mẹ́ta, mẹ́rin, ṣe kọjá níwájú wọn tí wọn ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kúbúrátù ṣe Wáẹ̀ẹ̀kì. Nígbà tí wọ́n pín ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ó pa ẹnu dé, ó wo àyọkà náà, àyọkà náà sì bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ wọn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó. Ó yege. Ràmọ́tà ní Alihamudulilahi, ó forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run lórí ẹní, ó sì wọn gàrí tó dáa jù fún Màmá Tíṣà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ gbà á wọlé.

Níbẹ̀ ló ti wá di akàwé ní tòótọ́. Àṣé bí èèyàn bá lè dákẹ́, ìwé pọ̀ láyé ju bó ṣe rò lọ. Ó ń kà á ní yàrá ìkàwé títí wọ́n á fi máa ti fèrèsé. Ó ń kà á lórí ìlà tí wọ́n ti ń dúró pọn omi, ó ń kà á nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí Odògbólú níbi tó ti wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé nígbà tó jáde. Ìwé ìtàn, ìwé nípa ilẹ̀ òkèèrè, ìwé nípa bí ara èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tó máa ń fi ọ̀sẹ̀ méjì kà tẹ́lẹ̀, ọjọ́ méjì ló ń gbà á. Inú rẹ̀ ń dùn ju bó ṣe lè sọ lọ.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ìparí ọdún 1989, tó ti di tíṣà, ó ra ìwé ìtàn Yorùbá tuntun kan, ó sì gbé e lọ sí àtíbàbà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ fi yẹ́ wọn sí ni. Inú àwọn obìnrin náà dùn dénú eegun. Ìyá Mọ́rúfù fi etí ìró nu àpótí fún un. Ìyá Àgbà, tí ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, fa àpótí tirẹ̀ sún mọ́ ọn.

Kúbúrátù ṣí ìwé, ó ṣí ẹnu.

Ojú rẹ̀ ti sáré kọjá. Kó tó pe ìlà kan tán, ojú ti wà ní ìlà kẹta, ẹnu wá ń gé ọ̀rọ̀ jẹ. Ó ṣe ohùn ọba, ohùn tíṣà ló jáde. Ìyá Mọ́rúfù bi í pé ta ló sọ ìyẹn, ó ní láti wá a. Ó gbìyànjú títí ojú ìwé fi parí. Ó wò wọ́n. Wọ́n fara balẹ̀, wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń fi sùúrù gbọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń fi sùúrù gbọ́ àlejò tó ń gbìyànjú láti sọ èdè ẹni. Ó pa ìwé náà dé.

"Ẹ má bínú," ló sọ. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa ń ṣe é mọ́."

"A mọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí.

Kò yé e.

"Ọjọ́ tí a ní kó o dákẹ́ yẹn," ni Ràmọ́tà sọ, ó sì ń yí gàrí rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, "bí a ṣe ń relé, Ìyá Àgbà sọ fún mi. Ó ní Ràmọ́tà, bí ọmọ yìí bá mọ̀ ọ́n kà fún ara ẹ̀, a ò ní í gbọ́ ọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ mọ́. Mo ní mo mọ̀. Mo bi Ìyá Mọ́rúfù bóyá kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Mọ́rúfù ní rárá, kí ọmọ máa lọ."

Ìyá Mọ́rúfù kò gbójú sókè. "Ó dùn mí gan-an," ló sọ. "Mi ò ní í parọ́. Ṣùgbọ́n wo ohun tó o dà lónìí."

Kúbúrátù ti rò pé òun wá fún wọn ní nǹkan. Ó kúnlẹ̀ sínú eérú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Mọ́rúfù, ó sì di ọwọ́ Ìyá Àgbà mú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà. Wọ́n ní kó dìde, kó má ba aṣọ tíṣà jẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìwé kan tó ṣí tí kì í rántí àwọn tó pa ọ̀rọ̀ mọ́nú, tí wọ́n ń dín gàrí wọn lọ, kí òun lè kà á.